Ohun tí Ọkàn Mọ̀ Nípa Ọpọlọ: Àmì Inú Ẹ̀jẹ̀ àti Ìfojúdíwọ̀n Ìkọ́fẹ Lẹ́yìn Àrùn Rọpárọsẹ̀

Ìfáàrà

Ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ńlá lóde òní, bí wọ́n bá gbé ẹni tí àrùn rọpárọsẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọlù dé, kíá ni wọ́n máa ń gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fún àyẹ̀wò. Ohun tí ó lè ya ni lẹ́nu ni pé, nínú àwọn àyẹ̀wò náà, ọ̀kan tàbí méjì kò béèrè nǹkan kan nípa ọpọlọ tí àìsàn náà bá jà. Ọkàn ni wọ́n ń béèrè nípa rẹ̀. Èròjà méjì tí wọ́n ń wá ni troponin àti NT-proBNP. Ó ti lé ní ogún ọdún tí àwọn onímọ̀ ìṣègùn ti ń wádìí bóyá iye èròjà wọ̀nyí nínú ẹ̀jẹ̀ lè jẹ́ kí a mọ ẹni tí yóò kọ́fẹ padà, ẹni tí yóò di aláàbọ̀ ara, àti ẹni tí àìsàn náà yóò gba ẹ̀mí rẹ̀. Àpilẹ̀kọ yìí ń ṣàlàyé ohun tí wọ́n ti rí. Èmi kì í ṣe oníṣègùn. Ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè ni mo gboyè nínú rẹ̀, ìwádìí tí mo fi gba oyè ọ̀mọ̀wé sì dá lé bí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ṣe ń bá aláìsàn àti ẹbí rẹ̀ sọ̀rọ̀ ní èdè Yorùbá. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ fi hàn pé ohun méjì so pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí: àwọn àmì náà ń sọ ipò tí ọkàn wà àti bí ikú ṣe súnmọ́ tó ju bí wọ́n ṣe ń sọ bóyá apá àti ẹsẹ̀ yóò tún ṣiṣẹ́ lọ, ọ̀rọ̀ Yorùbá tí a bá sì fi jíṣẹ́ wọn lè sọ ìṣirò lásán di ìdájọ́.

Ọ̀rọ̀ náà kàn mí nílé kí ó tó kàn mí níbi iṣẹ́. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, rọpárọsẹ̀ kọlu ẹ̀gbọ́n ìyá mi obìnrin ní òwúrọ̀ ọjọ́ ọjà kan. Apá ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún wọn rọ pátápátá. Ní ọjọ́ kẹta, dókítà ọ̀dọ́ kan tí ó ń tọ́jú wọn mú ìwé èsì àyẹ̀wò dání, ó pe àwa ẹbí jọ, ó sì fi Yorùbá ṣàlàyé tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀: "Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, ẹ má bínú. Ẹ̀jẹ̀ Màmá ti sọ tẹ́lẹ̀ pé ọ̀rọ̀ wọn kò ní rọrùn." Kì í ṣe pé ó kàn sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Troponin inú ẹ̀jẹ̀ wọn jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin ààlà tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ èsì náà. Ṣùgbọ́n ohun tí àwọn àgbà gbọ́ yàtọ̀. Àbúrò wọn ọkùnrin béèrè pé, "Dókítà, ṣé ẹ ní kí a máa palẹ̀ mọ́ ni?" Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, àríyànjiyàn ti bẹ́ sílẹ̀ bóyá ó yẹ kí a máa san owó fún ẹni tí yóò wá máa bá wọn na apá àti ẹsẹ̀, nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ti parí ẹjọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni a fi jiyàn. Kò sí ẹnì kan nínú wa tí ó béèrè ìbéèrè tí ó yẹ, àwọn tí ó ń tọ́jú wọn kò sì béèrè rẹ̀: kí ni ó ń ṣe ọkàn wọn tí èròjà rẹ̀ fi ń jò sínú ẹ̀jẹ̀?

Àìsàn ọpọlọ tí ó ń jẹ́ orúkọ apá àti ẹsẹ̀

Orúkọ tí Yorùbá fún àìsàn yìí sọ ibi tí a ti ń rí i. Kò sọ ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀. Apá ni ó rọ, ẹsẹ̀ ni ó rọ; ọpọlọ kò sí nínú orúkọ náà. Ẹ̀gbà tí àwọn àgbà ń pè é kò dárúkọ ọpọlọ bákan náà. N kò rí èyí gẹ́gẹ́ bí àléébù èdè, nítorí ohun tí ojú rí ni ẹnu kọ́kọ́ ń pè. Ṣùgbọ́n ó ń jẹ́ kí ó ṣòro láti ṣàlàyé fún ẹbí pé ọpọlọ ni ó ní ìpalára, kí a tó wá sọ pé ọkàn náà lọ́wọ́ sí i.

Oríṣi méjì ni rọpárọsẹ̀. Nínú ọ̀kan, iṣan ẹ̀jẹ̀ tí ó lọ sí apá kan ọpọlọ dí, àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ó wà níbẹ̀ sì ń kú nítorí àìrí ọ́síjìn. Nínú èkejì, iṣan náà bẹ́, ẹ̀jẹ̀ sì tú sínú ọpọlọ. Ti iṣan dídí ni àpilẹ̀kọ yìí dá lé, òun náà ni ó sì wọ́pọ̀ jù. Nínú ìwádìí SIREN tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà àti Gánà, èyí tí Mayowa Owolabi ti Yunifásítì Ìbàdàn ṣíwájú rẹ̀, tí àbájáde rẹ̀ sì jáde ní 2018, wọ́n fi ènìyàn 2,118 tí rọpárọsẹ̀ kọlù wé iye kan náà tí kò kọlù. Nǹkan bí ìdá 68 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn aláìsàn náà ni ó ní irú ti iṣan dídí. Ìpíndọ́gba ọjọ́ orí wọn jẹ́ ọdún 59, ẹ̀jẹ̀ ríru ni ó sì léwájú nínú gbogbo ohun tí ó so mọ́ àìsàn náà. A ó padà sórí ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru yìí.

Ọ̀nà méjì ni ọkàn gbà wọ inú ọ̀rọ̀ náà. Ọkàn lè jẹ́ òun ni ó rán àìsàn sí ọpọlọ: bí ọkàn bá ń lù ségesège, ẹ̀jẹ̀ á máa dúró sójú kan nínú yàrá òkè apá òsì rẹ̀, á dì, ẹyọ kan nínú ẹ̀jẹ̀ dídì náà á sì bá ìṣàn lọ dí iṣan kan nínú ọpọlọ. Ní ọ̀nà kejì, ọpọlọ tí ó ti ṣèṣe ni ó ń pa ọkàn lára. Èyí ni àwọn ènìyàn kì í tètè gbà gbọ́, òun ni mo sì fẹ́ dúró lé díẹ̀.

Ẹran ọkàn tí ó ń jò

Troponin jẹ́ èròjà purotéènì tí ó ń bá ẹran ọkàn fún ara rẹ̀ pọ̀ kí ó tó tú u sílẹ̀. Mẹ́ta ni wọ́n, T, I àti C. T àti I tí ó wà nínú ọkàn yàtọ̀ sí ti ẹran apá tàbí ti itan, èyí ni ó sì jẹ́ kí a lè mọ̀ pé láti inú ọkàn ni wọ́n ti wá. Inú sẹ́ẹ̀lì ni ibùgbé wọn. Bí a bá rí wọn lọ́pọ̀lọpọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, a jẹ́ pé sẹ́ẹ̀lì ọkàn kan ti fara pa. Àyẹ̀wò òde òní lè rí ìwọ̀n tí ó kéré jọjọ. Fún ọ̀kan nínú àwọn àyẹ̀wò troponin T, ààlà tí wọ́n fi lélẹ̀ ni nánógíráàmù 14 nínú lítà kan. Bí a bá kó ọgọ́rùn-ún ènìyàn tí ara wọn le jọ, mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún ni yóò wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n bá yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn tí rọpárọsẹ̀ iṣan dídí kọlù wò pẹ̀lú ọ̀nà yìí, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó máa ń kọjá ààlà. Ohun tí dókítà yóò kọ́kọ́ rò ni pé iṣan ẹ̀jẹ̀ ọkàn wọn náà ti dí, pé àìsàn méjì ni ó dé lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn oníwádìí ní ilé ìwòsàn Charité ní Berlin dán èrò yìí wò nínú iṣẹ́ tí wọ́n pè ní TRELAS, tí ó jáde ní 2016. Wọ́n ṣàyẹ̀wò ènìyàn 2,123 tí rọpárọsẹ̀ iṣan dídí ṣẹ̀ṣẹ̀ kọlù. Nǹkan bí ìdá 14 nínú ọgọ́rùn-ún ni troponin wọn ju 50 lọ. Wọ́n ya àwòrán iṣan ẹ̀jẹ̀ ọkàn mọ́kàndínlọ́gbọ̀n nínú wọn, wọ́n sì fi wé àwọn tí àìsàn ọkàn gbé wá sí ilé ìwòsàn, tí ọjọ́ orí wọn àti ìwọ̀n troponin wọn bá ti àwọn ìṣáájú dọ́gba. Nínú àwọn tí ọkàn ń ṣe, ìdá 79 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n rí ojú ibi tí iṣan ti bàjẹ́ lára wọn. Nínú àwọn oní-rọpárọsẹ̀, ìdá 24 péré ni. Nǹkan bí ìdajì nínú wọn ni kò ní àìsàn iṣan ọkàn kankan rárá.

Níbo wá ni troponin ti jáde? Ìdáhùn tí ó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ jù ni pé ọpọlọ ń darí ìlù ọkàn láti ọ̀nà jíjìn, apá kan tí wọ́n ń pè ní insula sì wà lára ibi tí àṣẹ náà ti ń jáde. Bí ìpalára bá kan irú ibẹ̀, àṣẹ á dàrú. Èròjà bíi adrenaline á ya bo ọkàn, á sì máa lé e ní ìlékúlé. Nínú àyẹ̀wò òkú, wọ́n ti rí ẹran ọkàn tí ó fún pọ̀ tí ó sì kú báyìí lára àwọn tí àìsàn ọpọlọ pa, láìsí iṣan kankan tí ó dí. Àìsàn kan wà tí àwọn ará Japan kọ́kọ́ ṣàpèjúwe ní 1990, tí wọ́n pè ní takotsubo, èyí tí í ṣe orúkọ ìkòkò tí wọ́n fi ń dẹ ẹranko omi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ, nítorí pé ìsàlẹ̀ ọkàn á wú jáde bí ìdí ìkòkò náà. Ó lè tẹ̀lé ìbànújẹ́ òjijì, ó sì lè tẹ̀lé rọpárọsẹ̀.

Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo troponin tí ó ga ni ọpọlọ fà. Ọkàn tí ẹ̀jẹ̀ ríru ti ń ni lára láti ọdún pípẹ́ lè máa jò díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́, kíndìnrín tí kò ṣiṣẹ́ dáadáa sì lè jẹ́ kí troponin pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń tún àyẹ̀wò náà ṣe lẹ́yìn wákàtí mélòó kan. Bí iye náà bá ń gòkè tàbí tí ó ń sọ̀ kalẹ̀, ohun kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹlẹ̀ ni. Bí ó bá dúró sójú kan, àìsàn àtijọ́ ni ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́. Èsì ẹyọ kan ṣoṣo kò lè sọ èyí tí ó jẹ́. Ẹyọ kan ṣoṣo sì ni wọ́n fi hàn wá.

Ìlànà ìtọ́jú tí ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn ọkàn àti ti rọpárọsẹ̀ ní Amẹ́ríkà fi lélẹ̀ dámọ̀ràn pé kí wọ́n wo troponin gbogbo ẹni tí rọpárọsẹ̀ iṣan dídí bá gbé wá, ṣùgbọ́n kí wọ́n má ṣe torí èsì rẹ̀ dá oògùn tí ń yọ́ ẹ̀jẹ̀ dídì dúró, èyí tí wákàtí mẹ́rin ààbọ̀ péré jẹ́ gbèdéke rẹ̀. Nítorí náà, ìlera ọkàn ni wọ́n torí rẹ̀ ń wo troponin. Wọn kò wò ó láti mọ bí apá yóò ṣe rí ní oṣù mẹ́ta.

Orúkọ tí kò bá ẹni tí ó ń jẹ́ ẹ mu

Ìtàn àmì kejì dùn mọ́ onímọ̀ èdè. Ní 1981, Adolfo de Bold àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Kánádà fa omi jáde láti inú yàrá òkè ọkàn eku, wọ́n gún un sára eku mìíràn, eku náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í tọ iyọ̀ àti omi jáde lọ́pọ̀lọpọ̀. Báyìí ni ayé ṣe mọ̀ pé ọkàn kì í ṣe ẹ̀rọ tí ń fa ẹ̀jẹ̀ nìkan; ó máa ń ránṣẹ́ sí ara yòókù. Ní 1988, àwọn onímọ̀ ní Japan rí èròjà kan tí ó fara jọ ti de Bold nínú ọpọlọ ẹlẹ́dẹ̀, wọ́n sì fi ọpọlọ sọ ọ́ lórúkọ: B tí ó wà nínú BNP dúró fún ọpọlọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Lẹ́yìn náà ni ó hàn pé ọkàn, pàápàá yàrá ìsàlẹ̀ rẹ̀, ni ó ń ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Orúkọ ti mọ́ni lára, kò yí padà mọ́. Àwa tí a ń lo ọ̀rọ̀ kan náà, ọkàn, fún ohun tí ń lù nínú àyà àti fún ibi tí èrò ń gbé kò gbọdọ̀ fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́.

Bí ẹ̀jẹ̀ bá pọ̀ jù nínú ọkàn tí ògiri rẹ̀ sì nà, ọkàn á ṣe èròjà kan jáde tí ó máa ń pín sí méjì: BNP gan-an, tí ó ń ṣiṣẹ́, àti NT-proBNP, èyí tí ó ṣẹ́ kù. Ìṣẹ́kù yìí máa ń pẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀ ju èkejì lọ, nǹkan bí wákàtí méjì kí ó tó dín sí ìdajì, nígbà tí BNP ń lo nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú. Òun ni ó rọrùn láti wọ̀n. Iye rẹ̀ máa ń ga nínú ọkàn tí agbára rẹ̀ ti ń tán, nínú ọkàn tí ó ń lù ségesège, nínú àgbàlagbà, àti nínú ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ń ṣàìsàn. Ní ìdà kejì, ẹni tí ó sanra jọ̀kọ̀tọ̀ lè ní ìwọ̀n tí ó kéré ju bí ó ti yẹ lọ.

Kí ni wọ́n ń pè ní ìkọ́fẹ?

Ọ̀pọ̀ ẹni tí ó ń ka ìwádìí wọ̀nyí kì í dúró síbi tí ó yẹ kí ó dúró sí jù, ìyẹn ibi tí wọ́n ti sọ ohun tí wọ́n kà sí ìkọ́fẹ. Òdiwọ̀n tí ó gbilẹ̀ jù wá láti ọ̀dọ̀ John Rankin, oníṣègùn kan ní Glasgow, ní 1957, tí àwọn mìíràn sì tún ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Láti òdo dé ẹ̀fà ni. Òdo ni ẹni tí kò ní àmì àìsàn kankan mọ́. Ení ní àmì díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń ṣe gbogbo iṣẹ́ rẹ̀. Èjì kò lè ṣe gbogbo ohun tí ó ń ṣe tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń tọ́jú ara rẹ̀ láìsí olùrànlọ́wọ́. Ẹ̀ta ń fẹ́ ìrànlọ́wọ́ díẹ̀, ó sì ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn. Ẹ̀rin kò lè rìn láìsí ẹni tí yóò dì í mú, àrún wà lórí ibùsùn, ẹ̀fà ti kú. Lẹ́yìn àádọ́rùn-ún ọjọ́ ni wọ́n sábà máa ń wọ̀n ọ́. Ọ̀pọ̀ ìwádìí á wá gé òdiwọ̀n náà sí méjì: òdo dé èjì jẹ́ àbájáde rere, ẹ̀ta dé ẹ̀fà jẹ́ àbájáde búburú.

Ẹ wo ohun tí gígé yìí ṣe. Ìyá àgbà tí ó ń rìn fúnra rẹ̀ nínú àgbàlá, tí ọmọ-ọmọ rẹ̀ ń bá a de ìró ní àárọ̀, wà nínú agbọ̀n kan náà pẹ̀lú ẹni tí wọ́n ti sin. Bí àmì kan bá mọ ẹni tí yóò kú dunjú, tí kò sì mọ nǹkan kan nípa ẹni tí apá rẹ̀ yóò padà, yóò ṣì fara hàn nínú irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ bí àmì tí ó mọ ìkọ́fẹ. Mo gbà pé ibí yìí ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ àṣìlóye ti ń wá. Yàtọ̀ sí èyí, gbígbé ayé láìsí olùrànlọ́wọ́ tí wọ́n fi ṣe ààlà láàrin rere àti búburú bá ìgbésí ayé ẹni tí ó ń dá gbé ní ìlú Scotland mu ju ti agbo ilé lọ, níbi tí ẹni tí ara rẹ̀ le pàápàá kì í ti í dá nǹkan ṣe. Owolabi ti gbìyànjú láti dí àlàfo yìí pẹ̀lú òdiwọ̀n HRQOLISP, tí ó wo ara, ọpọlọ, àjọṣe àti ipò ẹ̀mí ẹni tí rọpárọsẹ̀ kọlù, tí wọ́n sì lò ó ní Ìbàdàn àti ní Berlin. Àwọn ìwádìí nípa àmì ọkàn tí a ń sọ níhìn-ín kò lò ó; Rankin ni wọ́n lò, tàbí ikú nìkan.

Ohun tí àwọn àmì náà fi kún ohun tí a ti mọ̀

Troponin àti NT-proBNP tí ó ga ń bá àbájáde búburú rìn. Kò sí àríyànjiyàn lórí èyí mọ́. Ìbéèrè tí ó le ju ìyẹn lọ ni bóyá wọ́n ń sọ ohun tí ojú lásán kò ti rí. Dókítà tí ó bá dúró létí ibùsùn ti mọ ọjọ́ orí aláìsàn, ó sì ti mọ bí àìsàn náà ṣe le tó. Ní Edinburgh, William Whiteley àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ oríṣiríṣi àmì inú ẹ̀jẹ̀ wò, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2012. NT-proBNP wà lára ìwọ̀nba tí ó ṣì bá àbájáde búburú rìn lẹ́yìn tí wọ́n ti yọ ipa ọjọ́ orí àti bí àìsàn ṣe le tó kúrò. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fi í kún ìṣirò tí ó ti ní nǹkan méjì wọ̀nyí tẹ́lẹ̀, ìṣirò náà kò dára sí i. Ní 2013, àwọn oníwádìí mìíràn kó ìsọfúnni nípa aláìsàn láti inú ìwádìí mẹ́rìndínlógún jọ. Wọ́n rí i pé BNP àti NT-proBNP so mọ́ ikú ní tòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n fi kún ohun tí dókítà ti mọ̀ kéré púpọ̀.

Ẹ fi èyí wé ohun kan tí kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Ní ilẹ̀ Netherlands, ìwádìí kan tí ó jáde ní 2010 ní kí àwọn aláìsàn gbìyànjú nǹkan méjì ní ọjọ́ kejì àìsàn: kí wọ́n gbé èjìká apá tí ó rọ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara, kí wọ́n sì na ìka ọwọ́ náà. Ẹni tí ó bá lè ṣe méjèèjì díẹ̀, ìdá 98 nínú ọgọ́rùn-ún ni ìṣeéṣe pé ọwọ́ rẹ̀ yóò tún lè di nǹkan mú lọ́nà kan ní oṣù kẹfà. Ẹni tí kò bá lè ṣe wọ́n, ìdá 25 ni. Ẹ̀jẹ̀ kò wọ inú rẹ̀. Àbúrò mi obìnrin tí ó jókòó ti ẹ̀gbọ́n ìyá wa lóru ìbá ti lè ṣe àyẹ̀wò náà, ká ní ẹnì kan sọ fún un.

Èyí kò sọ àmì ọkàn di aláìwúlò. NT-proBNP tí ó ga lè jẹ́ ìkìlọ̀ pé ọkàn ń lù ségesège ní ìkọ̀kọ̀, pé kí wọ́n ṣọ́ ọ fún ọjọ́ púpọ̀ sí i pẹ̀lú ẹ̀rọ tí ń ya ìlù ọkàn. Bí wọ́n bá sì rí i, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì lè dènà rọpárọsẹ̀ kejì. Ṣùgbọ́n níbí pàápàá, àmì kò tó láti dá ṣe ìpinnu. Ìwádìí ARCADIA, tí àbájáde rẹ̀ jáde ní 2024, mú ènìyàn 1,015 ní Amẹ́ríkà àti Kánádà tí wọn kò mọ ohun tí ó fa rọpárọsẹ̀ wọn, tí àmì sì fi hàn pé yàrá òkè ọkàn wọn ń ṣàìsàn. NT-proBNP tí ó ju 250 lọ wà lára àwọn àmì náà. Wọ́n fún ìdajì ní apixaban, wọ́n fún ìdajì ní aspirin. Ogójì ènìyàn ní apá kọ̀ọ̀kan ni rọpárọsẹ̀ tún kọlù. Àmì náà rí ọkàn tí ń ṣàìsàn. Títẹ̀lé e láti yan oògùn kò gba ẹnikẹ́ni là.

Ààlà ta ni?

Ọ̀rọ̀ ààlà náà kò tíì tán. Nínú ìwádìí REGARDS, tí ó gba ènìyàn tí ó lé ní 30,000 wọlé ní Amẹ́ríkà láàrin 2003 sí 2007, NT-proBNP àwọn aláwọ̀ dúdú kéré sí ti àwọn aláwọ̀ funfun ní ìpíndọ́gba, bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí nínú ìwádìí mìíràn ní Dallas. A kò lè gbé èyí tààrà wá sí Abẹ́òkúta tàbí Ìbàdàn, nítorí ìtàn àti ìgbésí ayé àwọn ènìyàn wọ̀nyẹn yàtọ̀ sí tiwa. Ohun tí ó fi hàn ni pé nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ èsì àyẹ̀wò wá láti ara àwọn ènìyàn kan ní ibì kan.

Ní ọ̀dọ̀ tiwa, ẹ̀jẹ̀ ríru ni ohun tí ó yẹ kí a rò. Àkọsílẹ̀ àwọn tí ọkàn wọn kò lágbára mọ́, tí wọ́n ṣe ní Abẹ́òkúta, fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ ríru ni ó fà á lára nǹkan bí mẹ́jọ nínú mẹ́wàá. Ìyẹn ni pé ọ̀pọ̀ ẹni tí rọpárọsẹ̀ gbé wá sí ilé ìwòsàn ní ilẹ̀ Yorùbá lè ti ní ọkàn tí ó nípọn tí ó sì nà kí rọpárọsẹ̀ tó dé. Troponin àti NT-proBNP wọn lè ti ga láti àná. Bí a bá ka iye náà bí ìròyìn nípa rọpárọsẹ̀, a ti ṣi ìwé kà. Ìtàn ogún ọdún ẹ̀jẹ̀ ríru tí a kò tọ́jú ni ó ń sọ.

Àmì, ẹ̀rí, àsọtẹ́lẹ̀

Àwọn onímọ̀ èdè wa ti ṣiṣẹ́ ribiribi lórí èdè-ìperí. Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú ìpín kìíní rẹ̀, tí Ọládélé Awóbùlúyì sì ṣe olóòtú èkejì, dá lé ẹ̀kọ́ èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni. Ìṣègùn kò sí nínú àfojúsùn wọn. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ tí ó bá wà nílẹ̀ ni dókítà ọ̀dọ́ á mú lò.

"Àsọtẹ́lẹ̀" ni ó sì wà nílẹ̀. Inú ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń gbọ́ ọ lónìí, ohun tí a bá sì sọ tẹ́lẹ̀ níbẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣẹ ni. Ìṣirò oníṣègùn kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó ń sọ ni pé nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn tí ó rí báyìí, iye báyìí ni ó ṣẹlẹ̀ sí. Kò sọ èwo nínú ọgọ́rùn-ún náà ni màmá yín. Ewu tí ó wà nínú àsìlò ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti gírámà nìkan. Bí ẹbí bá gbà pé ọ̀rọ̀ ti parí, wọ́n á dáwọ́ ìnáwó dúró, aláìsàn á dùbúlẹ̀, ara á gan, àsọtẹ́lẹ̀ á sì ṣẹ nítorí pé wọ́n sọ ọ́. Ní ibi tí ọ̀pọ̀ ìdílé ti ń fi owó àpò ara wọn tọ́jú aláìsàn, èyí kì í ṣe àbá lásán.

Ó yẹ kí a rántí pé "àyẹ̀wò" tí a ń pe iṣẹ́ ilé ìwòsàn ni a ń pe ti babaláwo pẹ̀lú. Àmọ́, babaláwo kì í sọ ohun tí ó rí kí ó sì palẹ̀ mọ́. Ó máa ń sọ ẹbọ tí a ó rú, ó sì máa ń sọ ohun tí yóò yí ọ̀rọ̀ náà padà. Ní ti àyẹ̀wò ẹ̀gbọ́n ìyá mi, nọ́ńbà wà, ẹbọ kò sí. Kò sí ẹni tí ó sọ pé nítorí iye yìí, ẹ jẹ́ kí a tún un wọ̀n lọ́la, kí a sì ṣọ́ ìlù ọkàn wọn. Ọ̀sẹ̀ kẹjọ ni dókítà mìíràn di ọwọ́ wọn mú, tí ó gbọ́ bí ìlù náà ṣe ń já tí ó tún ń sáré, tí wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ oògùn.

Fún ìdí èyí, "ìfojúdíwọ̀n" ni mo yàn dípò àsọtẹ́lẹ̀. Ìyá aláta mọ̀ ọ́n, kò sì sí ẹni tí ó rò pé ojú tí ó fi díwọ̀n kò lè ṣì í. Mo yàn "àmì" dípò "ẹ̀rí", nítorí ẹ̀rí ń mú ilé ẹjọ́ wá sọ́kàn. Gbólóhùn tí mo gbé kalẹ̀ fún dókítà nìyí: "Àyẹ̀wò fi hàn pé ọkàn Màmá ń ṣe wàhálà. A ó tún un wò lọ́la, a ó sì máa ṣọ́ bí ó ṣe ń lù. Kò sọ fún wa bóyá apá wọn yóò padà. Ìyẹn, ara wọn ni a ó máa wò, ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ sí í bá wọn nà án."

Mo ti gbé gbólóhùn náà síwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi àti àwọn nọ́ọ̀sì mélòó kan. Wọ́n gba apá ìparí rẹ̀ wọlé tayọ̀tayọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo lo "ìfojúdíwọ̀n" ìkọ́fẹ nínú àlàyé mi, nọ́ọ̀sì kan tí ó ti ṣiṣẹ́ ju ọgbọ̀n ọdún lọ rẹ́rìn-ín, ó ní bí òun bá sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹbí aláìsàn, wọ́n á béèrè bóyá dókítà kò mọ iṣẹ́ rẹ̀ ni tí ó fi ń fojú díwọ̀n ẹ̀mí ènìyàn. N kò tíì rí èsì fún un. Ní ti ẹ̀gbọ́n ìyá mi, ẹsẹ̀ wọn ti padà, ọ̀pá ni wọ́n fi ń rìn lọ sí ìsọ̀ wọn. Ọwọ́ ọ̀tún kò tíì lè ká owó.